Ilé ìtọ́jú àwọn àgbà: owó tó wà nínú ìwé ìpolówó kọ́ ni wọ́n pè fún wa. Kí ni kí n béèrè kí n tó fọwọ́ síwèé?

Àkọ́bíObìnrin

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ síbí láì dá sí i. Ọ̀rọ̀ ti wá kan èmi náà báyìí, mo sì gbọ́dọ̀ fún àwọn kan lésì ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀.

Màmá mi pé ẹni ọdún 83 lóṣù tó kọjá. Iyè wọn ṣì pé pérépéré. Wọ́n mọ ọjọ́ ìbí gbogbo ọmọ-ọmọ wọn lórí, tí mo bá sì ṣi owó kà, àwọn ló máa tún un kà fún mi. Ara ni kò gbọ́ tiwọn mọ́. Ọ̀pá onírin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fi ń rìn. Oògùn méje ni wọ́n ń lò, ìgbà mẹ́rin lójúmọ́: ti ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀, ti ìtọ̀ súgà wà níbẹ̀, ti ọkàn àti ti oríkèé náà wà níbẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́fà, wọ́n ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Ìṣubú kejì yẹn, nílé ìwẹ̀ ni. Wọ́n lò ju wákàtí mẹ́ta lọ nílẹ̀ kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé. Mo kúnlẹ̀ tì wọ́n, mo fọwọ́ kan ilẹ̀ náà, ó tutù rinrin. Láti ọjọ́ náà, mi ò tíì sùn oorun àsùndọ́kàn.

Mo ti lọ wo ilé méjì. Ilé tí mò ń wí yìí kì í ṣe ilé ìwòsàn, kì í sì í ṣe ibi tí nọ́ọ̀sì ti ń dúró ti aláìsàn tọ̀sán-tòru. Kálukú ní yàrá tirẹ̀ àti ilé ìwẹ̀ tirẹ̀, wọ́n jọ ń jẹun ní gbọ̀ngàn, òṣìṣẹ́ á sì wá ran àgbà lọ́wọ́ níbi tí agbára rẹ̀ kò bá ká. Ilé kejì wù mí gan-an. Ilẹ̀ wọn mọ́, kò sí òórùn ìtọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn àgbà tí mo bá níbẹ̀ ń tàkúrọ̀sọ. Ìwé ìpolówó wọn sọ iye owó oṣù kan, wọ́n sì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé yàrá, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta, iná, omi, ìmọ́tótó àti ìrànlọ́wọ́ ló wà nínú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì wọn wá sílé wa láti yẹ Màmá wò. Ó lo ìṣẹ́jú 50. Ó ní kí wọ́n dìde lórí àga, kí wọ́n de bọ́tìnnì aṣọ, kí wọ́n ka ohun tó wà lára ìgò oògùn. Ọjọ́ kẹta ni ìṣirò dé. Iye tí wọ́n pè fi ìdá 40 nínú 100 ju ti inú ìwé ìpolówó lọ! Wọ́n ní Màmá wà ní "ìpele kẹta". Mo béèrè ohun tó ń jẹ́ ìpele kẹta, ẹni tó gbé fóònù ní kí n má dààmú, pé bí gbogbo ilé ṣe ń ṣe é nìyẹn. Owó ìwọlé tún wà lọ́tọ̀, ó tó owó oṣù kan ààbọ̀, wọn kì í dá a padà.

Àbúrò mi ọkùnrin ní kí a fi wọ́n sílẹ̀, pé olè ni wọ́n. Àbúrò mi obìnrin ní òun á fiṣẹ́ sílẹ̀ kí òun lè máa tọ́jú Màmá. Àwa mẹ́ta la jọ máa san owó náà, nítorí náà ẹnu wa gbọ́dọ̀ kò.

Màmá fúnra wọn, ohun méjì péré ni wọ́n bi mí nígbà tí mo fi àwòrán yàrá náà hàn wọ́n. Àkọ́kọ́: ṣé àwọn á ní kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn tàwọn? Èkejì: ṣé àwọn lè gbé ẹ̀rọ ìránṣọ àwọn lọ? Ó ti lé ní ogójì ọdún tí ẹ̀rọ yẹn ti wà lọ́wọ́ wọn. Mi ò rí ìdáhùn kankan fún wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ọ̀nà yìí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń pè ní ìpele? Ta ló ń gbé èèyàn láti ìpele kan bọ́ sí òmíràn? Kí ló sì kù tí wọn ò tíì sọ fún mi?

ỌdúnKẹrinRèé

Ẹ kú ìtọ́jú Màmá, ẹ̀gbọ́n mi. Ọlọ́run á fún wọn lókun. Bàbá mi ti lo ọdún mẹ́rin ní irú ilé bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìwé owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ ni mo tọ́jú sínú fáìlì kan, láti oṣù kìíní títí di òní, òun ni mo ṣí síwájú mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ pé bóyá wọn ò parọ́ fún yín. Owó yàrá ni ìwé ìpolówó máa ń sọ, owó ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ló wà nínú ìpele. "Ìrànlọ́wọ́" tí wọ́n kọ síbẹ̀ lè jẹ́ kí ẹnì kan kàn yọjú wò wọ́n láàárọ̀ àti lálẹ́. Nítorí náà, ẹ mú bírò, kí ẹ lọ bá wọn jókòó, kí ẹ sì béèrè ohun kọ̀ọ̀kan: fífọ aṣọ ìbora ńkọ́, ṣé ó wà nínú rẹ̀? Aṣọ ara wọn ńkọ́? Tí ara wọn kò bá yá tí wọ́n ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá bá àwọn ní yàrá, ṣé wọ́n máa gba owó lé e? Ta ló ń bá wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà, òṣìṣẹ́ yẹn ńkọ́, ṣé ọ̀fẹ́ ni wákàtí rẹ̀? Nínú ilé tí Bàbá wà, mọ́tò tó ń gbé wọn lọ kò gba owó, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọn wọlé sọ́dọ̀ dókítà ń gba owó wákàtí-wákàtí. Oṣù karùn-ún ni mo tó mọ̀.

Ọ̀rọ̀ oògùn ló ká mi lára jù nínú ohun tí ẹ kọ, nítorí ibẹ̀ ni èmi ti rí owó gbà padà. Àwọn ilé kan ń ka iye oògùn. Àwọn mìíràn ń ka iye ìgbà tí òṣìṣẹ́ máa gbé e wá. Ti wa jẹ́ ti iye ìgbà. Bàbá ń lo oògùn ní ìgbà mẹ́rin lójúmọ́ bíi ti Màmá yín. Mo kó gbogbo ìgò wọn lọ bá dókítà wọn, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi wò ó bóyá wọ́n lè lò ó ní ìgbà tó dín. Ó yí ọ̀kan padà sí èyí tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ó ní òmíràn ò wúlò mọ́ rárá, ó sì tò gbogbo èyí tó kù sí àárọ̀ àti alẹ́. Ìgbà mẹ́rin di méjì. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ìpele Bàbá já wálẹ̀ ní ẹyọ kan. Ẹ má dá a ṣe fúnra yín o, pàápàá pẹ̀lú oògùn ọkàn àti ti súgà. Dókítà tàbí ẹni tó mọ̀ nípa oògùn ló gbọ́dọ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ kó àwọn ìgò náà lọ kí nọ́ọ̀sì ilé yẹn tó ka ìgbà mẹ́rin sínú ìwé yín.

Lẹ́yìn náà, ìbọ́sókè owó. Oríṣi méjì ni, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n pò ó pọ̀ mọ́ yín lójú. Owó yàrá ń lọ sókè lọ́dọọdún fún gbogbo ará ilé. Tiwa fi ìdá 5 nínú 100 gòkè lọ́dún kejì, ó fi ìdá 8 gòkè lọ́dún kẹta. Owó ìpele sì ń lọ sókè nígbà tí ara àgbà bá ń rẹlẹ̀. Ọdún tí méjèèjì bá pàdé ni ó máa ń dun èèyàn. Ẹ ní kí wọ́n kọ iye tí wọ́n fi kún owó yàrá ní ọdún mẹ́ta tó kọjá sílẹ̀ fún yín. Ilé tó bá kọ̀, ó ti dá yín lóhùn.

Bàbá lo ọjọ́ 19 ní ilé ìwòsàn lọ́dún tó kọjá. Owó yàrá ń lọ, ìyẹn ò burú, yàrá ṣáà ń dúró dè wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n gba owó ìtọ́jú pẹ̀lú, fún ẹni tí kò sí nílé, tí ẹnikẹ́ni kò wẹ̀ fún, tí kò gba oògùn lọ́wọ́ wọn. Mo ja ọ̀rọ̀ yẹn fún oṣù méjì kí wọ́n tó dá a padà. Ó yẹ kí ó ti wà nínú ìwé àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ibẹ̀ kà.

Ẹ dákun, ẹ tún wo ibi tí wọ́n ní kí ẹ fọwọ́ sí. Wọ́n fún mi ní ìwé kan tó pè mí ní "ẹni tó gba ẹrù lé orí". Mo rò pé ẹni tí wọ́n máa pè lórí fóònù ni wọ́n ń wí. Àbúrò ìyàwó mi tó jẹ́ agbẹjọ́rò ló dá mi dúró: onídùúró ni, tí owó Bàbá bá tán, èmi ni wọ́n máa bi. A ní kí wọ́n yí i padà. Orúkọ Bàbá ni mo fọwọ́ sí lábẹ́, mo sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé mo ṣe é gẹ́gẹ́ bí aṣojú wọn. Ẹ̀yin mẹ́ta tí ẹ fẹ́ jọ san án, ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò bá yín kà á.

Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀ náà, mi ò kábàámọ̀. Bàbá ń jẹun ju bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ nígbà tí wọ́n ń dá gbé lọ. Wọ́n ti ní ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n jọ ń jiyàn ní gbogbo àárọ̀.

Olùtọ́júTẹ́lẹ̀

Ẹ kú alẹ́ o, ìyá mi tó ni ìbéèrè yìí. Ọdún 11 ni mo fi ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú nínú ilé àwọn àgbà. Ọdún mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbẹ̀, èmi gan-an ni wọ́n ń rán lọ sílé èèyàn láti lọ yẹ àgbà wò, bíi nọ́ọ̀sì tó wá bá yín. Ẹ jẹ́ kí n ṣí inú ìpele yẹn sílẹ̀ fún yín.

Dókítà kan wà tó ń jẹ́ Sidney Katz. Ní 1963, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé òṣùwọ̀n kan jáde fún mímọ ohun tí àgbà lè dá ṣe: wíwẹ̀, wíwọṣọ, lílọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀, dídìde lórí ibùsùn tàbí àga, dídá ìtọ̀ àti ìgbẹ́ dúró, àti jíjẹun. Ohun mẹ́fà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ilé ìtọ́jú tí kò mú ìwé àyẹ̀wò tirẹ̀ látinú mẹ́fà yìí, bí orúkọ tí wọ́n fún un tilẹ̀ yàtọ̀. Wọ́n á wá fi oògùn, ìrìn, ìgbàgbé àti ìṣubú kún un. Ohun kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Ẹni tó ń dá wẹ̀ gba òdo, ẹni tí wọ́n ń dúró tì nígbà tó ń wẹ̀ gba díẹ̀, ẹni tí wọ́n ń wẹ̀ fún gba púpọ̀. Wọ́n á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, àròpọ̀ yẹn ló ń sọ ìpele. Àwọn ilé mìíràn kì í lo máàkì, iye ìṣẹ́jú tí òṣìṣẹ́ máa lò lójúmọ́ ni wọ́n ń kà. Ọ̀kan náà ni.

Ohun tí Katz rí, tí èmi náà sì fojú ara mi rí, ni pé agbára kì í lọ bó ṣe wù ú. Wíwẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, wíwọṣọ á tẹ̀ lé e, jíjẹun ló máa ń gbẹ̀yìn. Nítorí náà, ẹ lè rí owó ọ̀la láti òní. Ẹ má bi wọ́n léèrè iye tí ìpele kẹta jẹ́ nìkan. Ẹ béèrè iye tí ìpele tó ga jù jẹ́, kí ẹ sì wò ó bóyá àpò ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á gbé e fún ọdún méjì. Tí kò bá ní gbé e, ó sàn kí ẹ mọ̀ báyìí ju kí ẹ kó Màmá kúrò níbi tó ti mọ́ wọn lára.

Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé àyẹ̀wò náà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú máàkì orí ìlà kọ̀ọ̀kan. Màmá yín ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ yẹn, àwọn tó ń béèrè kì í tó ẹnì kan nínú mẹ́wàá, àwọn tó bá sì béèrè sábà máa ń rí ohun kan tó yẹ ká tún wò. Mo ti kọ ọ́ rí pé bàbá kan nílò ẹni tó máa mú un lọ sí gbọ̀ngàn oúnjẹ, nítorí pé ó mí gúlegúle lọ́jọ́ tí mo lọ. Òtútù ló mú un lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ rẹ̀ ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ kejì, bàbá náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn bá mi ní ẹnu ọ̀nà. Mo yọ máàkì náà. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ohunkóhun pa mọ́ o. Ìyá kan wà tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò sọ fún wa pé ó máa ń dìde rìn kiri lóru. Ó kó sí wa lọ́wọ́, ó sì kó ìyá náà sínú ewu.

Ní ti ẹni tó ń gbé èèyàn gòkè: nọ́ọ̀sì ilé náà ni. Wọ́n máa ń tún àyẹ̀wò ṣe ní nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn tí àgbà bá wọlé, lẹ́yìn náà lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan, àti nígbàkúùgbà tó bá ti ilé ìwòsàn dé tàbí tó bá ṣubú. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé wọ́n á pè yín kí owó tó yí padà, àti pé tí ara Màmá bá yá sí i, ìpele á sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú. Gígòkè ni wọ́n sábà máa ń rántí.

Ẹ̀gbọ́n tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi ti sọ ti owó dáadáa. Ohun tí èmi fẹ́ kí ẹ bi wọ́n ni òru. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Àga tó rọ̀ àti òdòdó inú ọgbà, ní aago 11 òwúrọ̀ ni wọ́n fi ń hàn yín. Ẹ béèrè pé ní aago méjì òru, òṣìṣẹ́ mélòó ló wà nílẹ̀, àgbà mélòó ni wọ́n ń tọ́jú, ṣé ojú wọn máa ń là sílẹ̀ àbí wọ́n máa ń sùn? Nọ́ọ̀sì ńkọ́, ṣé ó wà nílé lóru, àbí orí fóònù ni wọ́n ti ń pè é? Ẹ tún béèrè nípa bọ́tìnnì ìpè tí wọ́n ń fi kọ́ ọrùn: tí Màmá bá tẹ̀ ẹ́, ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n fi ń dé? Ẹ̀rọ náà máa ń kọ àkókò sílẹ̀, wọ́n lè fi ti oṣù tó kọjá hàn yín.

Ẹ má gbàgbé láti béèrè ìṣubú. Ilé mìíràn wà tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbé àgbà dìde, wọ́n á pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn ni, ẹ̀yin lẹ máa san owó rẹ̀. Ẹ béèrè ohun tó máa mú kí wọ́n ní Màmá kò lè gbé ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ìgbà tó bá di pé èèyàn méjì ló gbọ́dọ̀ jọ gbé e kúrò lórí ibùsùn ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á sí yín létí láti inú ìwé.

Ẹ bínú sí iye owó náà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣirò yìí. Ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ wákàtí 168. Tí òṣìṣẹ́ kan bá ń ṣe wákàtí 40 lọ́sẹ̀, ẹni mẹ́rin kò tó láti rí i pé ẹnì kan ṣoṣo wà ní ìdúró nígbà gbogbo, nítorí 160 ni àpapọ̀ wákàtí wọn. Tí ẹ bá ka ìsinmi àti àìsàn mọ́ ọn, owó oṣù èèyàn márùn-ún ni. Lára owó tí ẹ ń san ni èyí ti ń jáde. Ilé tó bá pe owó tó kéré jọjọ, ẹ wo òṣìṣẹ́ òru rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ti kọ́kọ́rọ́ tí Màmá béèrè, inú mi dùn nígbà tí mo ka ibẹ̀. Obìnrin tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ó wà lára àwọn tó dá irú ilé yìí sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, Keren Brown Wilson, ìyá rẹ̀ ló fa á. Ìyá náà jẹ́ ẹni ọdún 55 nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá a dùbúlẹ̀, ó sì ń ti ilé ìtọ́jú kan bọ́ sí òmíràn, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè já wọ yàrá rẹ̀ nígbàkúùgbà. Nígbà tí ọmọ náà kọ́ ilé tirẹ̀ ní Portland, ní ìpínlẹ̀ Oregon, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ó rí i pé àgbà kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀kùn tó lè tì fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí Màmá ń béèrè kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ kan. Ilé á ní kọ́kọ́rọ́ kejì lọ́wọ́ fún ìgbà ìṣòro, ìyẹn dára, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀kùn kó sì dúró kí wọ́n dáhùn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún lọ, ẹ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ wò ó bóyá wọ́n ń kan ilẹ̀kùn.

Ẹ̀rọ ìránṣọ kì í ṣe ìṣòro. Wọ́n á wo wáyà rẹ̀ àti ibi tí wọ́n máa ti tan án, wọ́n á ní kí abẹ́rẹ́ wà nínú agolo tó ní ìdérí. Mo ti tọ́jú ìyá kan tó ń fi ẹ̀rọ tirẹ̀ tún aṣọ gbogbo ará ilé ṣe.

IléLaWà

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n, kí ẹ tó jẹ́ kí àbúrò yín obìnrin fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ gbọ́ tèmi. Èmi ni mo fiṣẹ́ sílẹ̀ nílé tiwa. Mo fẹ́ràn ìyá mi, mi ò sì lè sọ pé mo ṣàṣìṣe. Ṣùgbọ́n a ò kọ ohunkóhun sílẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ṣèlérí pé àwọn á máa fún mi ní owó tó máa dípò owó oṣù mi. Oṣù kẹrin, ó ti dákẹ́. Ọdún kẹta, ẹ̀yìn mi ti ń dùn mí láti máa gbé ìyá wa dìde, ìbínú sì ti wọ àárín wa. Tí àbúrò yín bá máa ṣe é, ẹ kọ iye owó rẹ̀ àti ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí i.

Ọ̀nà àárín náà wà. Nígbà tó yá, a gba olùtọ́jú tó ń wá fún wákàtí mẹ́ta láàárọ̀, fún ìwẹ̀ àti oògùn. Fún wákàtí mẹ́ta, ó dínwó sí ilé ìtọ́jú púpọ̀. Ìgbà tí ìyá wa wá nílò ẹni tó máa sun ibẹ̀ ni ìṣirò yí padà, nítorí ẹni tó ń sùn nílé wa, àwa nìkan là ń san owó rẹ̀, èyí tó wà nílé ìtọ́jú, gbogbo ará ilé ló jọ ń san án. Ẹ ka wákàtí tí Màmá nílò ní tòótọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, lọ́sàn-án àti lóru. Wákàtí yẹn ló máa là á yé yín.

Àkọ́bíObìnrin

Mo dúpẹ́ o. Mo ka gbogbo rẹ̀ sókè fún àwọn àbúrò mi méjèèjì lórí fóònù, àbúrò mi obìnrin sunkún níbi ọ̀rọ̀ IléLaWà. Ó ní òun ò fiṣẹ́ sílẹ̀ mọ́, pé òun á máa sun ọ̀dọ̀ Màmá ní òpin ọ̀sẹ̀ títí tí a ó fi yanjú ẹ̀.

Mo gba ìwé àyẹ̀wò náà lánàá. Wọ́n kọ́kọ́ ní àwọn kì í fi síta, mo ní èmi ò ní fọwọ́ sí ohun tí mi ò rí, wọ́n fi ránṣẹ́ kó tó di ọ̀sán. Máàkì ìṣubú wà níbẹ̀, ó tọ́. Ti ìwẹ̀ wà níbẹ̀, ó tọ́. Oògùn ní ìgbà mẹ́rin ni máàkì tó pọ̀ jù lọ nínú ìwé náà! Dókítà wa ti ń tún un wò, ó ní ìgbà méjì ṣeé ṣe, bóyá mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni mo rí "ìsìnrìn lọ sí gbọ̀ngàn oúnjẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́". Ó jẹ́ nítorí pé yàrá tí wọ́n fún wa wà ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀. Yàrá kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú kọ gbọ̀ngàn, ó kéré díẹ̀, fèrèsé rẹ̀ kò kọjú sí ọgbà. Màmá ní ọgbà kò kan àwọn, ìmọ́lẹ̀ tí àwọn á fi ríran ránṣọ ni kó ti wà. Ó wà. Tí a bá gba yàrá yẹn, tí oògùn sì di ìgbà méjì, ìpele kejì ni wọ́n máa wà. Nọ́ọ̀sì náà kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi.

Mo lọ síbẹ̀ lálẹ́ àná láì sọ fún wọn ṣáájú. Wọn ò jẹ́ kí n wọ inú lọ jìnnà, mi ò sì bínú. Òṣìṣẹ́ tó ṣílẹ̀kùn ní àwọn méjì ló wà fún àgbà 31, ojú àwọn sì ń là sílẹ̀. Ó ní nọ́ọ̀sì máa ń lọ sílé ní aago méje alẹ́. Èyí ṣì ń kọ mí lóminú, mo sì ti sọ fún ọ̀gá wọn pé ó ń kọ mí lóminú. Ní ti ìṣubú, wọ́n máa ń gbé wọn dìde tí kò bá sí ìpalára, wọ́n á sì pè mí kíákíá. Tí ó bá di pé èèyàn méjì ló ń gbé Màmá, wọ́n á fún wa ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti wá ibòmíràn. Ó wà nínú ìwé bẹ́ẹ̀, a sì ti mọ̀ báyìí.

A ò tíì san owó ìwọlé. Wọ́n gbà kí Màmá kọ́kọ́ wá gbé oṣù kan péré, owó oṣù kan yẹn nìkan la máa san, tí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn kí wọ́n padà sílé. Àbúrò mi ọkùnrin ló bá wọn dúnàádúrà ẹ̀, ẹni tó pè wọ́n lólè.

Kọ́kọ́rọ́ wà. Méjì ni wọ́n máa fún wọn. Mo dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí Olùtọ́júTẹ́lẹ̀ ṣe wí lọ́jọ́ tí mo lọ gba ìwé àdéhùn, mo rí òṣìṣẹ́ mẹ́ta tí wọ́n kan ilẹ̀kùn kí wọ́n tó wọlé, mo sì rí ọ̀kan tí kò kàn án. Mo sọ ìyẹn náà fún ọ̀gá wọn.

Mo wá ka ohun tí ẹ kọ nípa ẹ̀rọ ìránṣọ fún Màmá. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní ta ni ìyá tó ń tún aṣọ gbogbo ará ilé ṣe yẹn, pé ṣé ó ń gba owó ni? Lẹ́yìn náà wọ́n ní tí mo bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ lọ́la, kí n ra òróró ẹ̀rọ wá.